Òdo Tí Mo Kọ Sípò Ọmọ

Mọ́ńdè, Jánúárì 6, 1975

Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi ya níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín sì pọ̀ lónìí. Owó ìjọba ológun ti wọlé, ìdajì àkọ́kọ́. Dókítà Ọdúntán, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìwádìí wa, pe gbogbo wa sí yàrá òkè, ó ka ìwé tó bá owó náà wá sí wa létí bí ẹni ń ka Bíbélì nínú ìsìn: ogun abẹ́lé ti parí láti bí ọdún márùn-ún, sójà ṣì pọ̀ ju ohun tí àpò ìjọba lè bọ́, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà lè yan àwọn tí wọ́n máa dá sílẹ̀, láìsí ojúsàájú. Àwa la máa ṣe ìwádìí ẹ̀. Àwa tí a wà l'Òṣogbo yìí, nínú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ewúrẹ́ onílé ń sùn sí lábẹ́ àtẹ̀gùn!

Ó ní, "Ọláfúnkẹ́, ìwọ lo máa kọ òfin tí ẹ̀rọ yẹn á máa tẹ̀ lé. Kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó ọ nínú wa."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo fẹ́ díbọ́n pé kò jọ mí lójú, ṣùgbọ́n mo ra búrẹ́dì àti sàdíìnì bọ̀ wálé. Sàdíìnì ti gbówó lérí. Gbogbo ọjà ló ti gbọ́ pé owó Údójì, àfikún owó oṣù, ń bọ̀ wá fáwọn òṣìṣẹ́, àwọn tó ń tajà kò sì fẹ́ kó bá wọn lójú oorun.

Tọ́sìdé, Jánúárì 9

Mo ti kọ òfin náà tán. Máàkì ni. Ẹni tó gbọgbẹ́ lójú ogun, máàkì. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, máàkì. Ẹni tó lọ́mọ tó ń bọ́, máàkì lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí tí wọ́n bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, ẹnu tó ń jẹun lára ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn tí máàkì wọn bá kéré jù ni wọ́n máa dá sílẹ̀.

Ó dùn mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wáṣẹ́ ká gbogbo ọ́fíìsì Iléṣà títí bàtà ẹ̀ fi jẹ tán, ibi tó bá sì dé, "Ọmọ ta ni ọ́?" ni wọ́n ń bi í. Ẹ̀rọ kò ní bi ẹnì kan pé ọmọ ta ni ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Dókítà. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn wa gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Sọ́ńdè, Jánúárì 12

Lẹ́yìn ìsìn mo dán fọ́ọ̀mù tí àwọn sójà máa kọ wò lórí àwọn ará ilé wa n'Ìgbọ̀nà. Sájẹ́ńtì Mùyídéènì Àkànó wá láti bárékè ẹ̀ n'Íbàdàn, ó wá wo ìyàwó ẹ̀, Sikirat, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè pẹ̀lú ohùn sójà: ọdún tó wọṣẹ́, ibi tó ti jagun, ọgbẹ́ itan ẹ̀ tó tún fẹ́ ká ṣòkòtò sókè fi hàn mí, tí Sikirat fi gbá a lọ́wọ́. Ó wá kan ọmọ.

"Ọmọ mélòó lẹ ní?"

Kò tíì lanu tí ìyá ẹ̀ fi gbà á lẹ́nu ẹ̀, látorí àpótí tí ìyá jókòó sí nídìí iná. "Ọláfúnkẹ́! A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ìjọba ló ń bèèrè."

"Kí ìjọba lọ ka ọmọ tiẹ̀. Àwọn ọmọ nìyẹn tí wọ́n ń sáré kiri àgbàlá. Ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n wà. Kọ ìyẹn síbẹ̀."

Sikirat bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ má dá Ìyá lóhùn. Ẹ kọ ọ́ pé a dúpẹ́, alihamudulilai."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi àyè náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, mo sì jẹ ẹ̀wà tí wọ́n bù fún mi. Mo ní màá fi fọ́ọ̀mù ẹ̀ kún tàwọn yòókù, kó má bàa tún máa kọ òmíràn ní bárékè. Nílé tiwa náà n'Íléṣà, Bàbá kì í kà wá. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wa ti wọlé lálẹ́, orúkọ ni wọ́n máa ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi kárí. Wọ́n ní àrùn tó pa ènìyàn Dáfídì nígbà tó ka Ísírẹ́lì kò ní í bá àwọn.

Wẹ́sìdé, Jánúárì 22

Fọ́ọ̀mù ti dé láti àwọn bárékè. Àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n kó wọn sí, ìwé àti eruku. Mọ́nsúrátù tó ń lu ihò sára káàdì fún kọ̀ǹpútà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi wo eléyìí. Níbi iye ọmọ, ó kọ 'Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.' Eléyìí kọ 'Wọ́n wà.' Àwọn tó pọ̀ jù ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rárá. Kí ni kí n lù?"

Orí ń fọ́ mi. Awakọ̀ tó máa kó káàdì lọ s'Íbàdàn ń tẹ fèrè nísàlẹ̀, torí ó fẹ́ tètè lọ tò fún epo. Ẹ̀rọ yẹn kì í gba àyè tó ṣófo. Tí ibì kan bá ṣófo, ó máa da káàdì onítọ̀hún nù, Dókítà sì ti sọ pé ìjọba ò gbọdọ̀ gbọ́ pé a da káàdì nù.

Mo ní, "Lu òdo."

"Òdo kẹ̀? Àǹtí, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn gan-an lọmọ wọn máa ń pọ̀ o."

"Mọ́nsúrátù, ta ló kọ òfin, èmi àbí ìwọ? Mo ní kí o lu òdo."

Ó lọ lù ú.

Sátidé, Jánúárì 25

Epo ò sí n'Òṣogbo. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja ló gbé káàdì wa dé Ìbàdàn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbóòórùn.

Mọ́ńdè, Fẹ́búárì 3

Èsì dé! Bébà náà gùn débi pé Dókítà di orí ẹ̀ mú lókè àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi nílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn to gbogbo wọn bí mo ṣe ní kó tò wọ́n, àwọn tó máa kúrò níwájú, àwọn tó máa dúró lẹ́yìn. Wọ́n lọ ra Fáńtà àti àkàrà. Dókítà gbàdúrà, ó fi orin kún un, àwa náà sì gbè é.

Mo mú èsì náà wá sórí tábìlì mi kí n lè gbádùn ẹ̀ lémi nìkan. Ojú ewé kejì ni mo ti bá a pàdé: Àkànó, Mùyídéènì. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹlòmíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá lọ fa fọ́ọ̀mù ẹ̀ yọ. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi kọ ọ́. Ọgbẹ́ itan wà níbẹ̀, ogun tó jà wà níbẹ̀. Níbi iye ọmọ, níbi tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jẹ ẹ̀wà wọn, Mọ́nsúrátù ti fi bírò pupa kọ òdo sí i bí mo ṣe rán an.

N kò lè mu Fáńtà yẹn tán. Mo gbé e fún ọmọ onílé.

Wẹ́sìdé, Fẹ́búárì 5

Láàárọ̀ mo ní ara mi ò yá, wọ́n fi mí sílẹ̀ ní yàrá ìwé. Mo fi fọ́ọ̀mù wé èsì láti ojú ewé kan dé òmíràn. Àpọ́n tó kọ 'ọmọ kan' torí ọmọ tó bí síta, iṣẹ́ ẹ̀ kò bọ́. Ọ̀dọ́ tí kò tíì gbọ́ ìró ìbọn rí, tó ní àbúrò méjì lòun ń tọ́, iṣẹ́ tiẹ̀ náà kò bọ́. Àwọn tílé wọn kún fọ́mọ, tí wọn kò fẹ́ fi ẹnu ara wọn kà wọ́n, àwọn ni ẹ̀rọ kó jọ sẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀rọ ò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí mo sọ fún un ló ṣe. Òyìnbó tó ṣe é ò lè mọ̀. Kọ́nẹ̀lì tó ń kówó wá fún wa lè gbàgbé. Èmi mọ̀. Èmi tí Bàbá ò kà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èmi ni mo ní kí wọ́n lu òdo.

Tọ́sìdé, Fẹ́búárì 6

Mo sọ fún Dókítà. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ̀.

Ó ní, "Ta lo tún sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"O ṣeun. Gbọ́ mi, Ọláfúnkẹ́. Ìdánwò ni. Kò sẹ́ni tó máa fi ìdánwò lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kọ́nẹ̀lì ń bọ̀ wá wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á san ìdajì owó tó kù, a óò wá fi owó yẹn tún gbogbo ẹ̀ ṣe, a óò pa dà lọ bi wọ́n lọ́nà tó tọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé òdo lo fi dí ihò, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Mọ́nsúrátù á pa dà sídìí ìyá ẹ̀. Ìwọ á pa dà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ máa na ọmọ ọlọ́mọ lórí áljébrà."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ́gbọ́n mu, àti pé bó ṣe ń sọ ọ́, ara ń tù mí.

Tọ́sìdé, Fẹ́búárì 13

Kọ́nẹ̀lì wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn jẹ́jẹ́, bàtà ẹ̀ ń dán débi pé ewúrẹ́ onílé wo ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Òyìnbó ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé títí, ó na èsì sílẹ̀ lórí tábìlì mẹ́ta tí a so pọ̀, Kọ́nẹ̀lì sì ń fi ìka tọ àwọn orúkọ lọ. Lójijì ó yíjú sí mi, ó sọ Yorùbá.

"Àbúrò, wọ́n ní ìwọ lo kọ òfin ẹ̀. Sọ òótọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ lorúkọ ẹ̀ wà níbí, ṣé wàá gbọ́kàn lé e?"

Ojú Dókítà wà lára mi. Mọ́nsúrátù náà gbé orí sókè nídìí ẹ̀rọ ẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mirí. Ó ká èsì náà pọ̀ bí ẹni ká ẹní, ó kì í bọ abíyá. Dókítà ní, "Ìdánwò ni o, sà." Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ fi han àwọn ọ̀gá mi." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń wí i lẹ́nu láti ìgbà yẹn bóyá ó tún ṣe é sọ lọ́nà mìíràn.

Fúráìdé, Fẹ́búárì 21

Wọ́n ti fọwọ́ sí ìdajì owó tó kù. Dókítà fi kún owó oṣù mi. Mo ra bàtà, ó ń há mi lẹ́sẹ̀, mo sì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè, Fẹ́búárì 23

Mùyídéènì wálé. Ó gbé ọmọ ẹ̀ kékeré sí ọrùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Àǹtí, báwo lẹ̀rọ yín? Ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní ọmọ Àkànó ní òun ò bá a jà."

Mo ní, "Ó gbọ́."

"Wọ́n ní ó gbọ́n ju Májọ̀ wa lọ. Ìyẹn ò le. Ewúrẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín náà gbọ́n ju Májọ̀ wa lọ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Sikirat gbé oúnjẹ wá fún mi, mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni. Ebi pa mí sùn, ó sì tọ́ sí mi.

Sátidé, Máàṣì 1

Onílé fi kún owó yàrá. Ó ní Údójì. Iyọ̀ náà ti wọ́n, bóyá iyọ̀ náà gba Údójì.

Wẹ́sìdé, Máàṣì 5

Ìwé ti dé bá Mùyídéènì ní bárékè.

N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi gbọ́ ẹkún Sikirat. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gèlè ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń wò ó lẹ́nu. Ìyá Mùyídéènì ni kò sunkún. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Pẹ̀lú ọgbẹ́ itan yẹn? Báwo ni yóò ṣe fi ọgbẹ́ itan roko?"

Sikirat rí mi, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ ìjọba. Ẹ bá wa wádìí ohun tó ṣe. Bóyá ọ̀tá ló ròyìn ẹ̀ láìdáa."

Mo ní, "Màá wádìí ẹ̀." Ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lẹ́sẹ̀ mi, lórí bàtà tuntun yẹn. Èmi tí mo mọ ọ̀tá náà dáadáa.

Mo sáré pa dà sí ọ́fíìsì, Dókítà ò gbójú sókè. Ó ní, "Wọn ò sọ fún mi pé wọ́n máa lò ó." Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni gbígbà á gbọ́ fẹ́ ṣe fún Sikirat?

Fúráìdé, Máàṣì 7

Mo lọ s'Íbàdàn. N kò sọ fún Dókítà. Kọ́nẹ̀lì jẹ́ kí n jókòó pẹ́, lẹ́yìn náà ó gbà mí wọlé, ó sì ní kí wọ́n gbé tíì wá. Mo sọ gbogbo ẹ̀, láti orí ẹ̀wà Sikirat dé orí òdo. N kò fi Mọ́nsúrátù sí i, n kò sì fi Dókítà sí i. Mo ní èmi ni.

Kò bínú. Ì bá dáa kó bínú.

Ó ní, "A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ìyá tèmi náà máa ń sọ ọ́." Ó mi orí. "Àbúrò, mo bi ọ́ ní ojúkojú, o ní kí n gbọ́kàn lé e. Mo gbọ́kàn lé e. Èkó ti buwọ́ lù ú."

"Ṣé ẹ kò lè dá gbogbo ẹ̀ dúró ni, sà?"

"Tí mo bá lọ sọ l'Ékòó pé ẹ̀rọ tí wọ́n náwó tó báyìí lé lórí ṣìṣe, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Èmi náà lọ́mọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta lo wá bẹ̀bẹ̀ fún gan-an? Ènìyàn kì í wọ mọ́tò láti Òṣogbo torí gbogbo ayé. Dárúkọ ẹ̀."

Mo yẹ kí n sọ pé gbogbo wọn ni. Mo ti múra ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nínú ọkọ̀, láti Gbọ̀ngán dé Ìbàdàn ni mo ń tún un sọ. Ṣùgbọ́n ojú Sikirat ni mo rí, mo ní, "Mùyídéènì Àkànó, sà."

"Kí ló jẹ́ sí ọ?"

"Ará ilé mi ni."

Ó fa ìlà sórí orúkọ náà. Ó ní iye tí wọ́n buwọ́ lù gbọ́dọ̀ pé, tí ẹnì kan bá jáde, ẹnì kan á wọlé. Ó fi ìka wá ẹni tí máàkì ẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì kà á sókè: Fákúnlé, Silas, Kọ́púrà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

"Ṣé o mọ òun náà?"

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n, sà."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì ní kí n mu tíì mi kó má bàa tutù.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rántí ohun tí mo fi yangàn fún Dókítà, pé ẹ̀rọ kò ní bi ẹnì kan pé ọmọ ta ni ọ́. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ò bèèrè. Èmi ni mo gbé ìbéèrè yẹn lọ bá Kọ́nẹ̀lì.

Sọ́ńdè, Máàṣì 9

Mùyídéènì ti gba ìwé mìíràn pé kó pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mú àkùkọ méjì wá fún mi, iṣu, àti aṣọ àdìrẹ kan tí Sikirat fúnra ẹ̀ rẹ láró. Ó kúnlẹ̀, n kò lè gbé e dìde. Ó ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run á fún mi lọ́kọ rere, á fi ọmọ aláyọ̀ jíǹkí mi, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ń ṣe àmín, àmín.

Ìyá Mùyídéènì dúró títí àwọn yòókù fi jáde.

"Ọláfúnkẹ́, o ṣeun. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣìnà." Wọ́n sún àpótí wọn mọ́ mi. "Ta ni wọ́n wá mú dípò ẹ̀?"

Nínú gbogbo ilé, Ìyá nìkan ló bèèrè.

Mo ní, "N kò mọ̀, Ìyá."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ẹni yẹn náà lóbìnrin, àbí kò ní?" Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Sátidé, Máàṣì 15

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì sún bẹ́ẹ̀dì sí igun kejì.

Àná ni mo lọ wá fọ́ọ̀mù Silas Fákúnlé. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dára, ó jọ ti ẹni tó ka ìwé mẹ́fà yanjú. Ó dáhùn gbogbo ẹ̀. Níbi iye ọmọ ó kọ 'Jèhófà ṣeun.' Bírò pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tọ́sìdé, Máàṣì 20

Mo ní kí Dókítà jẹ́ kí a jọ kọ̀wé s'Ékòó, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Ó ní lẹ́yìn Àjíǹde. Nígbà tí mo tún bẹ̀ ẹ́, ó ní lẹ́yìn ìròyìn. Mo rí i pé yóò máa jẹ́ lẹ́yìn nǹkan kan títí ni. Mo kọ tèmi nìkan, mo fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Òkè Fìà. N kò retí èsì. Àkùkọ wọn kan ń kọ lẹ́yìn fèrèsé mi ní gbogbo ìdájí, n kò lè pa á, n kò sì lè dá a pa dà.

Màá lọ s'Ípetu. Ó kéré tán, kí ẹnì kan gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Màá sọ fún ọkùnrin náà pé èmi ni, kó sì ṣe mí bó ṣe wù ú.

Sátidé, Máàṣì 29

Mẹ́fà.

Ọjọ́ Àjíǹde, Máàṣì 30

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé wa n'Íléṣà ni mo wà, wọ́n rò pé ó rẹ̀ mí. Àwọn ará ilé ti lọ kọ orin Jésù jí dìde, ilé dákẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lójú títì Àkúrẹ́ lánàá, wọ́n júwe ilé Fákúnlé fún mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì. Ìyàwó ẹ̀ ló wà nílé, Julianah, ó jókòó síta, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo bá a sọ Ìjẹ̀ṣà, ara ẹ̀ sì balẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀ sí ulé o, Mísì. Bàbá wọn ti lọ s'Óǹdó. Ó ń wá uṣẹ́ nídìí àwọn tó ń la pákó. Láti ìgbà tí wọ́n ti já a sílẹ̀, kò lè jókòó."

Mo ní mo ti ọ́fíìsì kan l'Òṣogbo wá, ibi tí fọ́ọ̀mù ọkọ ẹ̀ gbà kọjá. Ó da ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ojú ẹ̀ là lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé wọ́n fẹ́ gbà á pa dà ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá láti Òṣogbo, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìdí: mo ní, "Nínú fọ́ọ̀mù náà, ibì kan wà tí wọ́n ti bèèrè iye ọmọ. Ọkọ yín ò kọ iye kankan síbẹ̀, àwa sì..."

Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. "Ìyẹn nìkan? Nítorí ìyẹn ni?" Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo orúkọ. Wọ́n jáde látẹ̀yìn ilé, látinú ilé, látorí igi. Ó tò wọ́n síwájú mi, àgbà dé èwe, ó pọn èyí tó kéré jù.

Mo ní, "Ìyá wọn, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Bàbá wọn ní a ò gbọdọ̀ kà wọ́n. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ló gba uṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Ọlọ́run á forí jì mí." Ó gbé ọwọ́ lé orí àkọ́bí. "Ọ̀kan."

Ó bọ́ sórí èkejì. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ń sọ lábẹ́ ahọ́n pé ẹ̀jẹ̀ Jésù, ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ẹ̀kẹrin ń rẹ́rìn-ín torí ó rò pé eré ni. Ẹ̀karùn-ún sá orí, ó sì fà á pa dà. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi kan èyí tó pọ̀n, ó sọ iye ẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi ra orí gbogbo wọn kí ibi má bàa kàn wọ́n.

Mo lẹ́nu nígbà náà. Mo lè dá a dúró lórí ọ̀kan, mo lè dá a dúró lórí méjì. N kò dá a dúró.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, Mísì."

N kò mú fọ́ọ̀mù kankan lọ́wọ́. Ìwé yìí nìkan ló wà nínú báàgì mi. Mo ṣí i lórí itan mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹ̀. Ó na ọrùn, ó wo ibi tí mo kọ ọ́ sí fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Ṣé wọ́n á rí i?"

Mo ní wọ́n á rí i.